Irin Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Wassiou

Wassiou ọmọ mi,

Aminatou àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní Kútọnu níbí. Mo ń jẹun dáadáa. Ojú mi kò burú, mo ṣì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

O ní mẹkáníìkì fi oríṣi méjì irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń yí táyà hàn ọ́: ọ̀kan ń de táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ pátápátá, èkejì kàn ń rọra bá wọn pín agbára. O ní títì ọlọ́dà lo ń gbà láti Manigri lọ sí Bassila lójoojúmọ́, pé èyí tó rọra ti tó.

Nígbà tí à ń gbé ìyá rẹ láti oko lọ sí ọsibítù Bassila, ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko. Táyà kan ń yí lásán, èkejì dúró. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ iṣu tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé iṣu yẹn ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ kó lè rí ilẹ̀ dì mú. Ìyá rẹ kò dé Bassila.

Torí irú ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe torí ojoojúmọ́. Ra èyí tó ń dè wọ́n pọ̀. Bó bá ń ṣagídí ní kọ́nà, rọra wakọ̀.

Má bi mí pé ìgbà wo ni mo máa padà sílé. Kí Nouratou ìyàwó rẹ. Bí o bá kọjá níbi sàréè ìyá rẹ, sọ fún un pé mo ń jẹun.