Mùkàrámà Tó Sọ Mọ́ínmọ́ín Di Tijina

Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Obìnrin Olóúnjẹ,
Marcory, Abidjan.
Oṣù kẹta, ọdún 1987.

Sí Alhaji Rùfáì àti Raliatou ọmọ rẹ̀.

Ẹ sún mọ́bí, Bàbá Raliatou, àti ẹ̀yin ẹbí tí ẹ pé jọ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ pe àwọn tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé náà wá, kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má baà tún un kà. Ikú ìyàwó yín, Mùkàrámà, ká ẹgbẹ́ wa lára débi pé a ò lè jókòó sójú kan. A bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, a fi í sílẹ̀, a tún padà sídìí rẹ̀; ẹnì kan á ṣáà dìde lọ yọjú síta.

Nígbà tí Mùkàrámà ti Ìgbòho dé Abidjan, kò gbọ́ Faransé kankan. Ó gbé ìkòkò mọ́ínmọ́ín lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní Zone Yopougon. Òṣìṣẹ́ kan na ìka sí i, ó béèrè orúkọ oúnjẹ náà. Mùkàrámà rò pé ó ń béèrè bóyá ó ti ṣeé jẹ, ló bá ní, "Ó ti jinná." Ó parí. Láti ọjọ́ náà, "Tantie, tijina deux" ni wọ́n ń wí, ìyẹn "Àǹtí, tijina méjì," wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú búrẹ́dì, wọ́n á bá iṣẹ́ lọ.

Ó gbìyànjú láti tún orúkọ náà ṣe. Ta ló gbọ́? Ó lọ sí Cocody lọ́jọ́ kan, ó rí obìnrin Baoulé tó ń tà á fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mùkàrámà rà á, ó tọ́ ọ wò, ó ní ata rẹ̀ kéré. Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu: "Tantie, ẹ ò mọ tijina ni." Mùkàrámà rẹ́rìn-ín títí ó fi dé Marcory. Raliatou pàápàá, tí wọ́n bí síbí, béèrè tijina lọ́wọ́ ìyá àgbà ní Ìgbòho, màmá sáré lọ wo ìdí iná: "Kí ló jinná?"

Ẹ̀rín ọ̀hún ò lè pẹ́ lẹ́nu wa. Raliatou, àyè ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ yẹn ni ìwọ àti bàbá rẹ gbójú lé. Àná ni wọ́n wá sọ fún wa pé obìnrin tó ń jẹ́ Awa, tó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, tí wọ́n jọ máa ń jà nítorí èéfín, ti gbé ìkòkò rẹ̀ sórí àdògán ìyá rẹ. Láàárọ̀ yìí, Sàdíà alága wa àti obìnrin méjì so ìborùn mọ́dìí, wọ́n wọ taksí lọ síbẹ̀. Sàdíà ní, "Bó bá jẹ́ ìjà ló ń wá, ó ti rí i." Ojú ọ̀nà la ń wò bí a ti ń kọ èyí.

Ẹ̀wà tí Raliatou máa kọ́kọ́ sè, ẹgbẹ́ ló máa rà á. A ó sì máa jókòó tì í ní méjì-méjì títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ń jókòó ti gbogbo àwa tá a dé lẹ́yìn rẹ̀ títí a fi mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà.

Kí Ọlọ́run forí jin Mùkàrámà, kí Ó fi Àlìjánnà dá a lọ́lá. Kí Ó rẹ̀ yín lẹ́kún, kí Ó sì fi ìtura sínú ilé yín. Àmín.

Sàdíà ti dé: Awa ọ̀hún ni kò jẹ́ kí ẹlòmíì gba àyè Raliatou, ẹni mẹ́rin ló ti lé.