Híńjì Tí Kì í Pariwo

Olóòtú ètò orí rédíò, àsàlámù àléékùn. Èmi Alájì Àgbà, agbaṣẹ́ṣe pàtàkì n'Ílọrin, ni mo kọ̀wé yìí.

Bàbá kan ra kábínẹ́ẹ̀tì ìdáná tí wọ́n kó sínú páálí wá fún ìyá rẹ̀. Káfíńtà ń tò ó, ó bi Ìyá àgbà: "Ṣé híńjì ilẹ̀kùn tó ń dún gbàà ni, àbí èyí tó ń rọra padé?"

"Èyí tó ń dún ni. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Etí ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti padé."

Ni ọmọ-ọmọ wọn bá sín ohùn bàbá rẹ̀ jẹ lẹ́yìn fèrèsé: "Ìyá, ẹ mú èyí tí kì í pariwo. Òun ló lòde!"

Ìyá àgbà rò pé ọmọ wọn ló sọ̀rọ̀, wọ́n gbà. Ẹran inú kábínẹ́ẹ̀tì ni ọmọ ọ̀hún fẹ́ máa jí.

Lánàá, ó jí i tán, ó sá lọ láìti ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì. Igun rẹ̀ gbá Ìyá àgbà níwájú orí. "Ogbó dé," ni wọ́n ń wí, "mo ti ń gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀." Wọn ò wọ ilé ìdáná mọ́.

Olóòtú, wàláhì, èmi kì í ṣe alájì kankan. Èmi ni ọmọ-ọmọ náà. Ẹnu mi lè sín gbogbo ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kò lè sọ èyí fún Ìyá àgbà. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀ wọ́n? Àwọn náà ń gbọ́ ètò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè.