Orúkọ Yín Lára Ògiri Ìdí-Awùsá

Bàbá mi àtàtà,

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi ní Àgbowó, mo wọ mọ́tò ní Ṣálẹ́ńjì, ó di Ìdí-Awùsá. Ẹ má rín mi o. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin yín, n kò tíì fẹsẹ̀ kan abúlé yín. Àbúrò yín, Bàbá Mùyí, ló pè mí pé àwọn elétò ìdìbò ti lẹ orúkọ olùdìbò mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́, kí kálukú wá yẹ tirẹ̀ wò, kí ẹbí sì tọ́ka sí ẹni tí kò sí mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí yín. Àwòrán yín kò ju èékánná lọ, wọ́n ti ní kí ẹ ṣí fìlà, ojú yín sì le bíi pé ẹ fẹ́ bá ẹni tó ń yà yín jà. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, kí n tó mọ̀, mo ti bú sẹ́kún. Kò sí àwòrán yín kankan nílé tí ẹ ò ti dé fìlà. Mo ti gbàgbé pé ewú yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìtàn ìbò ibẹ̀. Nígbà èwe yín, àpótí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, èèyàn á wọlé lọ ju ìwé rẹ̀ sínú èyí tó wù ú. Lẹ́yìn náà ni ìtẹ̀ka dé. Ó tún ṣe, wọ́n ní kí gbogbo ayé jáde wá tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Èyí ṣojú mi, mo ṣì kéré, mo di ìró màmá mi mú lórí ìlà gígùn. Gbogbo abúlé ló wà lórí ìlà yẹn, títí kan Bàbá Mùyí. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró ti àwòrán kejì, ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ń ka èèyàn fẹ́ fò yín, ó ní ẹnì kan kì í ṣe ìlà. Ẹ ní kó kà yín. Ó kà yín: oókan. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀?

Wọ́ọ̀dù ni Ìdí-Awùsá nígbà náà, a ní káńsẹ́lọ̀ tiwa. Nígbà tó yá, wọ́n pa wá pọ̀ mọ́ àwọn ará ẹ̀bá títì, orúkọ wọ́ọ̀dù wa sì pa rẹ́. Ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo ló kù. Òun lẹ ń torí ẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn tí mo mú yín wá sọ́dọ̀ mi ní Ṣálẹ́ńjì, ẹ ò gbà kí wọ́n gbé orúkọ yín wá sígboro. Bí ẹ bá sì padà dé, ṣíbí lẹ máa ń fi jẹ iyán fún odidi ọ̀sẹ̀, kí íńkì má baà tètè kúrò ní ìka yín.

Ìbò tó kẹ́yìn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ bẹ̀ mí pé kí n gbé yín lọ. Mo ní ìbò ẹnì kan ò lè tún Nàìjíríà ṣe. Irú ọ̀rọ̀ rírùn wo nìyẹn? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ wẹ̀, ẹ wọ bùbá funfun, ẹ mú káàdì yín dání, ẹ sì jókòó sẹ́nu géètì títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ẹ ò bá mi jà. Ì bá sàn ká ní ẹ bá mi jà. Ọdún yẹn ò parí tí ẹ fi lọ.

Níwájú ògiri, Bàbá Mùyí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọmọ Ẹ̀gbọ́n, jọ̀ọ́, fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. A ò pọ̀ mọ́. Tí orúkọ bá tún dín, wọ́n á gbé ibùdó yìí lọ sẹ́bàá títì.”

Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí. Ta ni kò fẹ́ kí orúkọ bàbá òun wà lára ògiri? Ṣùgbọ́n tó bá dọjọ́ ìbò ńkọ́, tí ẹlòmíì fi orúkọ yín dìbò fún ẹni tí ẹ ò fẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n fò yín, ṣé ẹ ó gbà kí wọ́n lò yín? Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù, mo ní kó yọ yín. Ó béèrè ìdí. Mo ní ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́.

“Wọ́n kó lọ síbòmíì ni, Mà, àbí wọ́n ti kú?”

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì jáde lẹ́nu mi. Mo máa ń ní ẹ papòdà, mo máa ń ní ẹ lọ sinmi. Mo tún ní ẹ papòdà. Ó fi bírò sílẹ̀, ó ń wò mí pẹ̀lú àánú, ó sì ń dúró. Bàbá Mùyí yíjú sẹ́yìn.

Mo wá là á mọ́lẹ̀ fún un, lójú gbogbo ará abúlé yín, pé ẹ ti kú.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí ì bá ti gbé yín lọ.