Orúkọ Tó Wà Nínú Pìánò

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, òtútù Dublin náà ti ń mọ́ mi lára. Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ pìánò ni mò ń ṣe níbí. Òótọ́ ni, ojoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ kàn án.

Lánàá, èmi àti ọ̀gá mi lọ gbé ọ̀kan nílé ìyá àgbà kan tó kú ní ìlú Rush lẹ́bàá Dublin. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí orúkọ ìdílé ará Jámánì tẹ́ ẹ máa ń sọ ìtàn wọn, àwọn tó ń ṣe pìánò ní Amẹ́ríkà. Bàbá wọn kọ orúkọ tiẹ̀ sára igi, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kọ tiwọn sábẹ́ ẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kí n kọ tèmi sábẹ́ tiyín nínú pìánò ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́ ẹ tún ṣe, tí mo yarí pé iṣẹ́ àtúnṣe pìánò yín kọ́ ni màá ṣe.

Ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tó ń ra irú ẹ̀ mọ́, ó na òòlù ńlá tá a fi ń fọ́ wọn sí mi. Mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín sábẹ́ tiwọn kí n tó gba òòlù náà.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí àyè yẹn bá ṣì ṣófo lábẹ́ orúkọ yín, ẹ jẹ́ kí Fọlákẹ́ àbúrò mi kọ tiẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Olúníyì