Ìrìn Bàbá Tí Mo Rìn

                                        Ilé Abọ́dúndé,
                                        Ọ̀nà Ikpinlè,
                                        Adja-Ouèrè.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2024.

Oyèfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Àjàṣẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ Ulrich lẹ́nu ti lọ? Àwọn ìyá tí ò ń kọ́ ní ìwé Yorùbá, ṣé wọ́n ti ń dá orúkọ ara wọn kọ? Oyún mi ti wọ oṣù keje, ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí kò síbi tí kò sí etí nínú ilé yìí.

O ti gbọ́ pé Bàbá Abọ́dúndé, bàbá àgbà ọkọ mi, papò dà. Òkú àgbà ni, a ò sunkún, jíjó ni a jó. O mọ bó ṣe máa ń rí: àwa ìyàwó ilé ló máa ń wọ aṣọ irú òkú bẹ́ẹ̀, tí a ó máa sín in jẹ kí èrò lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe é, torí èmi ni mo máa ń bá Bàbá dápàárá jù. "Ìyàwó mi" ló máa ń pè mí, èmi náà á ní kó wá bá mi fún epo bó bá dá a lójú pé ọkọ ni òun.

Mo wọ dàńṣíkí rẹ̀, mo dé fìlà rẹ̀, mo mú ọ̀pá rẹ̀. Mo bá àwọn tó ń se oúnjẹ jà nítorí iyọ̀, bí Bàbá ti máa ń ṣe. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí, ṣùgbọ́n orí mi ti wú, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Igbà ló já mọ́ Bàbá lórí ọ̀pẹ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì yéé tiro títí ó fi kú. Mo tiro yí agbo ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Àgbà, opó rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Ó fa ìborùn bojú, wọ́n sì mú un wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni Táńtì Pélagie, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní ìjà iyọ̀ tí mo jà, àwàdà ni. Ohùn Bàbá tí mo fi sọ̀rọ̀, ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àbùkù ara ènìyàn ṣeré, ẹ̀sín ló ń fi í ṣe.

"Aboyún wo ló ń fi amúkùn-ún ṣẹ̀sín?" ló bi mí lójú gbogbo àwọn tó ń fún epo. "Ohun tó bá jáde, má bi wá o."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Ghislain ọkọ mi ní kí n má dá a lóhùn. Agbẹ̀bí ní ọmọ wà dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì rí i kó rìn. Mo ń rò ó ṣáá. Ẹni tí a bá ń bá ṣàwàdà, á dá tirẹ̀ padà, á ní ìwọ náà wo imú rẹ. Bàbá ti kú, kò lè dá a padà. Kí wá lorúkọ ohun tí mo ṣe? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú kan ṣoṣo tí mo sì fẹ́ rí, Ìyá Àgbà ti fi ìborùn bò ó.

Láàárọ̀ yìí ni Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Tún ìrìn yẹn rìn."

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má ṣépè fún mi. Ẹ wo oyún inú mi."

"Ta ló fẹ́ ṣépè? Mo ní kí o rìn."

Mo rìn.

"Ẹsẹ̀ òsì kọ́. Ọ̀tún ni. Á kọ́kọ́ gbé èjìká sókè ná."

Mo gbé èjìká sókè, mo rìn ín títí ó fi rí bó ṣe fẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní, "Mo ti ń gbàgbé e." Ó ní kí n máa wá rìn ín fún òun láràárọ̀.

Mo bi í bóyá àwàdà ni tàbí ẹ̀sín. Ó ní kí n má da òun láàmú, kí n rìn. N kò lè sọ fún un pé ẹ̀rù ṣì ń bà mí, nítorí tí n kò bá lọ lọ́la, ta ló máa rìn ín fún un? Ìwọ tí o mọ ìwé, bí o bá mọ orúkọ ohun tí mo ń ṣe yìí, jọ̀wọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ kí n tó bímọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ọwọ́ pa Ulrich lórí fún mi. Ọmọ inú mi ń ta mí bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Gbogbo ìgbà tó bá ti ta mí báyìí, mo máa ń bi í pé ẹsẹ̀ wo nìyẹn.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Nadège.