Fíríìjì Tó Ń Ta Èèyàn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Fíríìjì àlòkù wọlé. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, ihò méjì ló wà lára ògiri wa. Kò-Séwu — ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ — mú ayùn, ó gé ẹsẹ̀ kẹta dànù. "Oge lásán nìyẹn." Ó ń wò mí kí n yìn ín. Mo yìn ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Fíríìjì ta mí. Láti ìka dé ìgúnpá — bíi pé èèrà ń sáré nínú eegun. Mo sọ fún un. Ó ní iná kékeré ni, kì í pa èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kálukú ti ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èmi, bàtà rọ́bà. Ọmọ wa obìnrin, ṣíbí onígi. Kò-Séwu fò sókè láàárọ̀ yìí, omi tó fẹ́ mu dà sí i láyà. Ó ní òtútù ló bá òun lójijì. Mo ní ká pe oníṣẹ́ iná. Ó ní ta ló máa kọ́ òun níṣẹ́ iná?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ìyá ọkọ mi dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa wọ bàtà kí wọ́n tó ṣí fíríìjì. Wọ́n ní àwọn ò ní tìtorí fíríìjì múra nílé ọmọ àwọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Màmá ń bá fíríìjì jà. Wọ́n ní ó ń rí àwọn fín.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Màmá nu ilẹ̀ ilé ìdáná tán — ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ lásán — wọ́n di ọwọ́ fíríìjì mú. Wọn ò lè jù ú sílẹ̀. Ẹnu là, ohùn ò jáde. Kò-Séwu ń sáré bọ̀ wá fà wọ́n. Mo pariwo, "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n!" Mo tì í ṣubú — ọkọ mi! — mo sáré pa súìṣì ńlá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá já bọ́, orí ikùn ọmọ wọn gan-an. Màmá mí kanlẹ̀: "Ta ló ra nǹkan yìí wálé?" Ọmọ wa nàka sí bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
Dókítà ní ọkàn wọn ń lù dáadáa. Àtẹ́lẹwọ́ ló jó.

Ọjọ́ Ajé, 10
Oníṣẹ́ iná dé. Ó pààrọ̀ ẹnu wáyà àti ihò ara ògiri, ó ri irin mọ́lẹ̀ lóde, ó so wáyà mọ́ ọn kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ — iṣẹ́ ẹsẹ̀ tí Kò-Séwu gé dànù nìyẹn. Ó dán an wò, ó ní ó ti parí. Kò sẹ́ni tó mira.
Kò-Séwu ló lọ. Ó fi orí ìka kàn án. Kò sí nǹkan. Ó ṣí i gbayawu, ó sì dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ nínú òtútù, èjìká rẹ̀ ń mì.
"Mo rò pé mo ti pa yín ni, Màmá."
N kò rí i kó sunkún rí.
Màmá pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Wọ́n dúró tì í, wọ́n fi ọwọ́ tó dáa nu ojú rẹ̀.
"Ti ilẹ̀kùn yẹn jàre. Òtútù ń tán."