Ìró Ìyá Àgbà fún Ayọ̀kúnlé

Màámi l'Ápòmù, ẹ kú ojú lọ́nà wa.

Ayọ̀kúnlé mu ọmú láàárọ̀ yìí, kò bì í bó ṣe máa ń ṣe. Mo jó yí kíṣíìnì po. Bó ṣe mu tán, mo gbé e dúró lé èjìká títí tó fi gùfẹ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi ń jẹun báyìí, lórí ìdúró, ó ti mọ́ mi lára. Bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Kánádà yìí tóbi, á wálé tó bá ráyè.

Ẹ má wulẹ̀ fi dòdò Ìkirè ránṣẹ́. Ìró tí ẹ ń ró sùn ni mo fẹ́. Ọmọ ló fẹ́ mọ òórùn ìyá àgbà rẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ ìró náà.

Fọláṣẹwà yín